Ṣé dandan ni kí ẹni tó fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ gbé gángan rẹ̀ jù sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí wá láti ọwọ́ bàbá kan, olùkọ́ àgbà tó ń gbé ní Minna: “Dókítà, ọmọkùnrin mi wà ní ọdún karùn-ún ní ẹ̀ka ìṣègùn ní Zaria, ó sì ti pinnu pé iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni òun yóò ṣe. Láti kékeré ló ti ń lu gángan, ó sì máa ń bá ẹgbẹ́ onílù kan lọ sí òde ní Kaduna àti Àbújá ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo ti pàṣẹ fún un pé kó gbé ìlù náà jù sílẹ̀, nítorí lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ ṣí orí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní nǹkan mìíràn lọ́kàn. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ń mọ ìkòkò. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí mo sì ṣe yìí tọ̀nà?”

Alàgbà, mo kí yín, mo sì kí ìyá ọmọ náà. Kí ẹ má baà ka ọ̀rọ̀ gígùn kí ẹ tó mọ ibi tí mo ń lọ, èrò mi ni pé kí ẹ gbé àṣẹ yẹn kúrò, kí ọmọ náà máa lu ìlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ. Wọ́n á ní ìlù lílù tàbí ìkòkò mímọ máa ń jẹ́ kí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ rọ̀, pé ó ń mú àárẹ̀ kúrò lára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo rí ni pé oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nílò ibì kan láyé tó ti lè ṣe àṣìṣe, tó ti lè ṣe é lójú gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní tìtorí rẹ̀ kú. Tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ibẹ̀.

Ẹ bi mí bí iṣẹ́ náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún ló kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọdún mẹ́fà ni ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Ọdún kan ni dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá. Ọdún kan ni ti àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àyè sí ẹ̀kọ́ àkànṣe tí a ń pè ní rẹ́sídẹ́ńsì, èyí tí yóò gba ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìdánwò sì ń dúró dè é ní ìpele ìpele. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ló ṣì wà níwájú ọmọ yín, kò sì pọn dandan kó sọdá Odò Ọya kó tó rí ibi tí yóò ti kọ́ ọ, nítorí ibùdó ńlá kan wà fún un ní Sokoto, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Usmanu Danfodiyo. Èmi kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n rán mi lọ sin ilẹ̀ bàbá mi ní Katsina, níbi tí mo ti kọ́ èdè Hausa tí mo ń lò lónìí, mo padà sí Ìbàdàn fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, mo sì dé Àbújá ní ọdún 2001. Ohun tó tẹ̀ lé e kò ju iṣẹ́ lọ.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Àwọn ènìyàn rò pé kókó inú ọpọlọ la máa ń yọ lójoojúmọ́. Ní ibi tí a wà yìí, ojú ọ̀nà ló ń fún wa ní iṣẹ́ jù. Ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní àárín ìlú Àbújá láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ṣì ń gbé èrò ní àwọn ìgbèríko, àwọn tó sì ń dé akoto kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ìpalára kan, nítorí ó lè gba ẹ̀mí ẹnìkan tó ń ka èyí là. Agbárí ènìyàn fẹ́lẹ́ ní ẹ̀bátí, níwájú etí díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Bí ènìyàn bá fi ibẹ̀ gbá ilẹ̀ tí egungun náà sì sán, iṣan náà lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sáàrin agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ. Ẹni náà lè dákú díẹ̀, kó dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀, kó ní kò sí nǹkan kan, kó tiẹ̀ jẹun. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, á bì, oorun á gbé e, àwọn ará ilé á sì ní, “Ẹ jẹ́ kó sinmi.” Oorun yẹn kì í ṣe oorun. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí wọ́n bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú orí sì ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ abẹ tí kò tó wákàtí méjì lè dá a padà sílé bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ẹni náà ṣe ń lọ sí wà: ṣé ó ń lajú, ṣé ó ń dáhùn, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́ràn. Láti Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ló ti wá ní ọdún 1974, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 3, ó sì parí sí orí 15, èyí tó jẹ́ ti ẹni tó wà lójúfò dáadáa. Gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa ló mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Èyí tó ń dùn mọ́ mi jù, kí n má parọ́, ni ti àwọn àgbàlagbà. Wọ́n á gbé bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin wá, wọ́n á ní iyè rẹ̀ ti rá, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, ẹlòmíràn á ti fura sí ayé. Bí a bá wádìí, a ó gbọ́ pé ó fi orí gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní oṣù kan sẹ́yìn. Ọpọlọ àgbàlagbà ti sún kì díẹ̀ nínú agbárí, àwọn iṣan tó so ó mọ́ òkè ti na gùn, ìgbọ̀nrìrì díẹ̀ sì lè já ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ̀jẹ̀ máa kóra jọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. A ó lu ihò méjì, ẹ̀jẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ṣàn jáde, ní ọjọ́ kejì bàbá á máa béèrè ẹni tó kó bàtà òun lọ. Kò sí ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ abẹ yìí; ohun tó ṣòro ni kí ẹnìkan ronú kàn án kó tó pẹ́ jù.

Ti àwọn ọmọdé wà pẹ̀lú, àwọn tí omi kún inú orí wọn, àti àwọn tí a bí tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn kò padé. N kò ní pẹ́ lórí èyí, àfi kí n sọ fún ìyá tó bá ń ka ìwé yìí pé oògùn folic acid, máíkírógíráàmù 400 lóòjọ́, tí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò kó tó lóyún, máa ń dènà púpọ̀ nínú ti ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ láti Nyanya dé àárín ìlú.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ohun tí n kì í sábà sọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, mo ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin aránṣọ kan. Kókó tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Láti ara awọ tó bo ọpọlọ ló ti hù, ní apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mo ti yọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku èyí tí kò ju hóró ẹ̀pà kan lọ, tó lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kan. Akunnilóorun bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé kò tó?” Mo ní kò tó. Mo fẹ́ kí àwòrán tí a ó yà lẹ́yìn iṣẹ́ náà mọ́ féfé. Mo fà á, iṣan náà ya. A dá ẹ̀jẹ̀ dúró, obìnrin náà jí, ó sọ̀rọ̀, ó dá ọkọ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọwọ́ náà padà dé ibi tó lè gbé ṣíbí. Kò gé aṣọ mọ́.

Hóró ẹ̀pà yẹn, bí mo bá fi í sílẹ̀ tí a sì ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kó má yọ ọ́ lẹ́nu títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Ìwé ti sọ ọ́, àwọn ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ti sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Mo bi ara mi léèrè fún ọ̀pọ̀ oṣù nípa ohun tí kò jẹ́ kí n dúró, ìdáhùn tí mo sì rí kò dùn mọ́ mi: nígbà náà, nínú gbogbo ayé mi, tíátà nìkan ṣoṣo ni ibi tí mo ti ń mọ̀ bóyá mo tó nǹkan. N kò ṣe nǹkan mìíràn. N kò lọ sí ibì kankan. Bí mo bá fi hóró kan sílẹ̀, èmi gan-an ló dà bí ẹni pé mo kù díẹ̀ káàtó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ léwu, Alàgbà, ẹni náà sì ni ẹ fẹ́ fi àṣẹ yín sọ ọmọ yín dà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Gbagyi, ló mú mi lọ sí Ushafa, abúlé tó wà lójú ọ̀nà Bwari, tí Ààrẹ Clinton ṣe àbẹ̀wò sí ní ọdún 2000. Ìkòkò ni wọ́n ń mọ níbẹ̀. Ẹ mú owó ogún náírà kan jáde, ẹ yí i sẹ́yìn: obìnrin tí ẹ ó rí níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti Kwali, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja, nígbà tí Suleja ṣì ń jẹ́ Abuja, tí Yunifásítì Ahmadu Bello tí ọmọ yín wà yìí sì fún ní oyè dókítà ìdálọ́lá ní ọdún 1977. Bí àwọn obìnrin Gbagyi ṣe ń mọ ọ́n yà mí lẹ́nu. Wọn kì í yí ìkòkò. Àwọn ló ń yí i po, tí wọ́n ń rìn sẹ́yìn, tí wọ́n ń lọ́ amọ̀ bí okùn, tí wọ́n ń tò ó lé ara wọn, tí wọ́n sì ń fi igbá họ ọ́ kó lè fẹ́lẹ́.

Mo jókòó ti ìyá kan tó ti mọ̀kòkò kí wọ́n tó bí mi. Ọwọ́ tí mo fi ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù kò lè gbé ẹnu ìkòkò dúró. Mo ń tún un ṣe, mo ń tún un ṣe, ìyá náà sì ń sọ fún mi ní èdè Hausa pé, “Likita, ka bar ta haka,” ìyẹn ni pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò fi í sílẹ̀. Ìkòkò náà wó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé sá wá wò ó, ìyá náà sì kó amọ̀ náà, ó bù ú sómi, ó tún un pò. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò sí ọkọ ẹnìkan tó ń dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ba nǹkan jẹ́ tí mo sì rẹ́rìn-ín.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbólóhùn ìyá yẹn kọ́ mi níṣẹ́ abẹ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo tún ba ìkòkò mẹ́ta jẹ́ lọ́nà kan náà gan-an. Ohun tó yí padà kò yára yí padà, inú tíátà ni mo sì ti rí i: mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nígbà tí akunnilóorun bá ní, “Ọ̀gá, ṣé kò tó?” Ibòmíràn ti wà tí mo ti lè jẹ́ akọ́ṣẹ́, nítorí náà kò tún pọn dandan mọ́ kí n borí hóró ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní kí n fi ìwádìí gbè é lẹ́sẹ̀, n kò ní kankan lọ́wọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Mo fura pé ohun kan wà nínú ìbéèrè yín tí ẹ kò kọ síbẹ̀, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Bí ọmọ náà bá ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì tàbí tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n, ṣé ẹ ó pàṣẹ? Ìlù ni ìṣòro. A máa ń fi ojú alágbe wo onílù, pàápàá ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àyàn, kò sì wu bàbá tó rán ọmọ níṣẹ́ dókítà kó rí i lóde ìnáwó níbi tí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ ọn lórí. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ṣe mí. Ìyá ìyá mi jẹ́ amọ̀kòkò ní Ẹbu Dàda ní Òkèlele, Ìlọrin, síbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìkòkò wọlé, ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá mo ti di ìyá àgbà, nítorí iṣẹ́ obìnrin ni nílé wa. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò rojọ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Àyè ló ń wá, nítorí ìkòkò wíwọ́ ti kún yàrá àlejò wa.

Ẹni tó là ọ̀nà iṣẹ́ yìí fún wa ní Nàìjíríà kò gbé tirẹ̀ jù sílẹ̀. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ ní tòsí Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí ní ọdún 1927, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Howard, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà wá dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1962. Ẹ rántí pé kò sí ẹ̀rọ CT kankan láyé nígbà náà. Ọdún 1971 ni wọ́n tó fi ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ sínú ọpọlọ, tàbí kí wọ́n gún oògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó ya fọ́tò, kí wọ́n sì fi ọgbọ́n orí mọ ibi tí kókó wà. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ń kọ ewì, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé ní ọdún 1964 àti 1969. Òun àti Adélọlá Adélóyè, ẹni tó tẹ̀ lé e nínú iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, ni wọ́n jọ ṣàlàyé kókó kan tó máa ń wú lórí àwùjẹ̀ ọmọdé, tí wọ́n fi ń pè é ní orúkọ àwọn méjèèjì káàkiri ayé. Adélóyè náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn àwọn dókítà ìgbàanì ilẹ̀ Áfíríkà. Odeku kú ní ọdún 1974, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ilé ìkàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti sun oorun ìdánwò púpọ̀, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ti orin gan-an wà pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, ní King's College Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n yọ kókó kan lórí obìnrin kan tó ń ta gòjé òyìnbó, kókó náà sì súnmọ́ ibi tó ń darí ọwọ́ òsì rẹ̀. Wọ́n jí i láàrin iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé gòjé lé e lọ́wọ́, ó sì ń ta á bí wọ́n ṣe ń gé e, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Keyoumars Ashkan tó ṣe iṣẹ́ náà ń tẹ dùùrù, ó sì gba oyè nínú ẹ̀kọ́ orin. Ó wù mí kí n wà láyé lọ́jọ́ tí ẹnìkan yóò fa ọsán gángan lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní Àbújá.

Síbẹ̀ n kò ní kí ẹ fún un ní àyè gbogbo. Nínú ohun tó ń bà yín lẹ́rù, apá kan wà tó tọ́, kì í ṣe ìlù ni: òde alẹ́ ni. Dókítà tó lu ìlù mọ́jú ní Kaduna kò yẹ kó fọwọ́ kan aláìsàn ní òwúrọ̀, kò sì yẹ kó wà lójú ọ̀nà Kaduna sí Àbújá ní òru rárá, fún ìdí tí gbogbo wa mọ̀. Kó jáwọ́ nínú òde àṣemọ́jú láti ìsinsìnyí, ìbáà jẹ́ pé owó wà níbẹ̀. Ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé nígbà tó bá wọ rẹ́sídẹ́ńsì, ìlù náà yóò sùn lára ògiri fún oṣù púpọ̀. Èmi ò rántí ohun kan tí mo ṣe fún ìgbádùn ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tèmi, yàtọ̀ sí oorun. Kó má sọ ọ́ kúrò lára ògiri ni.

Bí ó bá fẹ́ wá wo iṣẹ́ ní Àbújá nígbà ìsinmi, kó jẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń ṣe àwọn iṣẹ́ abẹ tó gùn, kó jẹun dáadáa kó tó wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń lọ sí Ushafa. Kó mú aṣọ tí amọ̀ lè bà jẹ́ dání, àti ìlù náà, nítorí ìyá àgbà yẹn fẹ́ràn ijó.